Ìwé Tí A Fi Tọrọ Omi

Ní òwúrọ̀ tí mo kọ́kọ́ jí ní ilẹ̀ Kétu, Ìyá Ọ̀kẹ́, ẹni tó gbà mí sílé, bu omi sínú igbá kékeré kan, ó ní kí n fi bọ́jú. Mo bọ́jú, mo sì da ìyókù sílẹ̀ bí a ti máa ń ṣe nílé wa. Gbogbo agbo ilé yíjú sí mi. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ dúró, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ọ̀kẹ́ wo ilẹ̀ bó ṣe ń fa omi náà mu, ó wá wò mí, ó ní:

"Kò burú. Ilẹ̀ náà ti bọ́jú lónìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Nílùú wa, odò ń ṣàn lẹ́yìn ilé. N kò mọ̀ pé ibì kan wà tí ilẹ̀ ti dára báyìí, tí àgbàdo àti iṣu àti gbágùúdá ń ṣe dáadáa níbẹ̀, tí omi mímu sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Kétu ga. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga níbẹ̀ yóò gbẹ́ ẹ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ kí ó tó kan omi, bí ó bá tilẹ̀ kàn án rárá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí àkùkọ bá ti kọ ni àwọn obìnrin máa ń gbé ìkòkò rù, oòrùn á sì ti mú kí wọ́n tó padà dé. Omi tí mo dà sílẹ̀ yẹn, orí ẹnì kan ló gbé e wálé.

N kò ní kọ orúkọ abúlé náà síbí, n kò sì ní kọ tèmi. Ẹ bá mi fojú fò ó. Apá Kétu ló wà, lójú ọ̀nà Idigny. Ìgbà náà sì ni ìgbà tí kò tíì pẹ́ tí àwọn Faransé gbé ìjọba Dàhọ̀mì lé àwọn ọmọ ilẹ̀ lọ́wọ́, tí àwọ̀ àsíá iwájú ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń tàn. Lọ́dọ̀ tiwa, ní ìhà ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe ìjọba, ìjà òṣèlú ló gba ìlú. Ọkọ mi kì í ṣe olóṣèlú. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kọ orúkọ àwọn tí wọ́n ní wọn kò dìbò síbi tó yẹ sínú ìwé kan, tirẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ní ọ̀sán gangan ni wọ́n dúró níwájú ilé wa tí wọ́n ń ka orúkọ jáde. Nígbà tí wọ́n ka tirẹ̀, ó dáhùn. Ẹni tí a bá pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ a máa dáhùn, kò sí ohun mìíràn tí ó mọ̀. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yọ nínú iná tí wọ́n sọ sí ilé náà, òun kò yọ.

Láti ìgbà náà ni n kò ti fẹ́ kí orúkọ mi wà nínú ìwé kankan. Nígbà tí àwọn ará abúlé béèrè ohun tí mò ń jẹ́, mo ní abẹ́rẹ́ àti òwú ni mò ń tà. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Alábẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni kò tún bi mí mọ́. Oore ńlá ni wọ́n ṣe mí níbẹ̀ yẹn, mo sì mọ̀ ọ́n lóore láti ọjọ́ náà.

Abẹ́rẹ́ àti òwú kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Mo máa ń ru igbá mi láti abúlé dé abúlé, bí ọjọ́ ọjà bá pé, mo máa ń lọ sí Kétu. Mo ti ka ìwé mẹ́fà nílé, mo sì rò pé mo mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ní Kétu, gbogbo ohun tó bá ti jẹ mọ́ ìwé, Faransé ni. Gẹ̀ẹ́sì mi wá dà bí agboòrùn tí ènìyàn ṣí nínú yàrá. Yorùbá tí a jọ ń sọ gan-an, bí mo bá ti lanu báyìí, wọ́n ti mọ̀ pé òdìkejì ni mo ti wá. Àwọn ọmọ Ìyá Ọ̀kẹ́ a máa sín mi jẹ, wọ́n á pe àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé kí wọ́n wá gbọ́ bí Alábẹ́rẹ́ ṣe ń sọ ọ́, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Mo máa ń tún un sọ. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé wọn kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ń dùn mọ́ wọn ni, bí orin tí ènìyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ó wá ń gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Àwọn oníṣòwò ará ilẹ̀ wa pọ̀ ní Kétu, wọ́n ní kí n wá máa gbé láàrin àwọn. N kò lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹni tó mọ̀ mí lè mọ ẹni tó mọ àwọn tó sun ilé wa. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń bá rán nǹkan sílé, Ìyá Ẹlẹ́ní, tí ó máa ń ra ẹní ní Kétu lọ tà nílùú wa. Bí ó bá dé, á jókòó ti igbá mi, á máa ṣe bí ẹni ń yẹ òwú wò.

"Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní òun ń jẹun. Ó ní kí o má tíì wá."

"Mo dúpẹ́, Mà."

"Ó tún béèrè ibi tí ò ń gbé."

"Ẹ sọ pé ojú ọ̀nà lẹ ti pàdé mi."

"Ojú ọ̀nà náà ni mo sọ nígbà tí mo lọ kẹ́yìn."

"Ẹ tún sọ ọ́, Mà."

Ìyá Ẹlẹ́ní á mi orí. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń gbé ojú ọ̀nà pẹ́ tó báyìí? Àfi òkúta etí ọ̀nà."

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dun ìyá mi. Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó pé bí kò bá mọ̀, kò sí ẹni tí yóò lè fi tipátipá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbé: mo ń jẹun níbì kan, mo ń sùn níbì kan, n kò sì sí níbì kankan.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Mẹ́tìrì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe olùkọ́ níbẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, Gùn ni èdè rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń rìn tìkọ̀tìkọ̀ bí ẹni tó wọ bàtà tuntun. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìkan ni ó ní òrùlé páànù ní abúlé. Ní ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, ó dúró lójú ilẹ̀kùn, ó ń wo omi tó ń ya láti orí páànù náà lọ sínú koríko. Ó lọ bá Baálẹ̀. Ó ní bí a bá gbẹ́ kòtò ńlá, tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú rẹ̀, tí a sì bò ó, omi òrùlé náà yóò máa wọ ibẹ̀, yóò sì gbé wa la ẹ̀ẹ̀rùn já. Ó ní ìjọba ní biró kan, èyí tí í ṣe ọ́fíìsì, tí ń fún àwọn abúlé ní sìmẹ́ǹtì fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi kí a kọ̀wé tí yóò ṣàlàyé ohun tí a fẹ́ ṣe. Bí a bá ṣe é kí òjò tó padà, a bọ́ nìyẹn.

Baálẹ̀ pe ìpàdé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sílẹ̀ ní Yorùbá, kí Mẹ́tìrì lè sọ ọ́ di Faransé. Ìyá Ọ̀kẹ́ fi ẹnu tọ́ka sí mi. "Alábẹ́rẹ́ mọ̀wé. Mo ti rí i tó ń ka ìwé tí wọ́n fi di òwú."

Bàbá Àlàbá ló pọ̀ jù nínú ẹni tó sọ̀rọ̀. Ó ti dàgbà, gbogbo abúlé sì gbà pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kí bí tirẹ̀. Ó kí ọ̀gá biró fún oòrùn, ó kí i fún iṣẹ́, ó kí i fún ìjọba tuntun, ó kí ìyàwó ilé rẹ̀ àti ìyá tó bí i. Ó wá sọ pé àwa kò ní nǹkan kan, pé a kò já mọ́ nǹkan kan, pé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ni wá. Ní ìparí pátápátá ló dárúkọ omi, ní gbólóhùn kan, nítorí ọmọlúwàbí kì í sáré tọrọ nǹkan ní ilé àgbà. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo kà á jáde, Bàbá Àlàbá alára fọwọ́ nu ojú.

Ìdáhùn dé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kò gùn. Mẹ́tìrì kà á fún wa lábẹ́ igi.

"Wọ́n ní: ènìyàn mélòó ni yóò máa mu omi náà? Kí ni ẹ̀yin fúnra yín yóò ṣe níbẹ̀? Orúkọ ta ni kí àwọn máa fi kọ̀wé, kí ó máa dáhùn fún iṣẹ́ náà?"

"Ibi tí wọ́n ti dáhùn ìkíni wa ńkọ́?" Bàbá Àlàbá ni.

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá."

"Yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò."

Mẹ́tìrì yí ìwé náà padà. "Kò sí."

"Ọmọ ta ni ọ̀gá ọ̀hún?"

Mẹ́tìrì rọra ṣàlàyé. Ó ní ọkùnrin náà kò mọ̀ wá. Ìwé abúlé púpọ̀ ló wà níwájú rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé àwọn kò ní nǹkan kan. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé bí ó bá fún wa ní sìmẹ́ǹtì, a kò ní fi í sílẹ̀ kí ó le bí òkúta? Mo rántí ọkọ mi nígbà náà. Òun náà máa ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ó sì máa ń sọ pé ẹni tí yóò ka ìwé kò lè rí ojú ẹni tó kọ ọ́, nítorí náà, ohun tí ojú ì bá sọ, ìwé ni kó sọ ọ́. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni mo rò pé ó rọrùn jù. Mo mú lẹ́ẹ̀dì àti ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé àkọ́kọ́. Bí mo ṣe béèrè iye ọmọ, ìyá wọn pè wọ́n wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ní ilé kejì, wọ́n ní kò sí ọmọ níbẹ̀, ọmọ sì ń sunkún nínú yàrá. Kí n tó dé ilé kẹta, Ìyá Ọ̀kẹ́ ti wá fa mí lápá.

"Alábẹ́rẹ́, ṣé wọ́n máa ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ lọ́dọ̀ yín ni?"

"A kì í kà á, Mà. Ṣùgbọ́n ìjọba ló béèrè."

"Ìjọba náà ló kà wá nígbà owó orí. Ìjọba náà ló kà wá nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin lọ ṣe ọ̀nà. Nígbà wo ni wọ́n kà wá tó di ire?"

Ta ni mo jẹ́ tí n óò sọ fún un pé kíkà kò léwu? Mo ní bí a kò bá rí nǹkan kà, wọn kò ní fún wa ní nǹkan kan, ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yóò sì bá wa lójú ọ̀nà odò.

Ìyá Ọ̀kẹ́ fi apá mi sílẹ̀. "Ka ohun tó jẹ́ pé bí ó bá fọ́, a lè ra òmíràn."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ilé tó bá ní iná ìdáná tirẹ̀ ní àmù tirẹ̀, ìkòkò ńlá tí wọ́n ń da omi mímu sí, tí a ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iye àmù ni iye ìdílé. Mo tún jáde, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ fún mi. Àwọn obìnrin ń fi àmù wọn hàn mí bí ẹni ń fi ìyàwó hàn. Wọ́n ń sọ fún mi èyí tó ti ilé ìyá wọn wá, èyí tí omi rẹ̀ máa ń tutù jù, ibi tí wọ́n ti ń pọn omi sínú rẹ̀, àti bí ó ti ń tètè gbẹ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan sán, mo fẹ́ fò ó.

"Kà á," ni obìnrin tó ni ín wí. "Ó ṣì wúlò ju ọkọ mi lọ."

Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń pọ́n àdá. "Òótọ́ ni, Alábẹ́rẹ́. Kà á."

Ìbéèrè kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Mẹ́tìrì ní kí a kọ ọ́ pé àwa la óò gbẹ́ kòtò, àwa la óò kó yanrìn àti òkúta. Baálẹ̀ kọ̀. Ó ní ọ̀wẹ̀ ni ìyẹn, ara ẹni ni a ń ṣe é fún, a kì í kọ ọ̀wẹ̀ sínú ìwé kí a máa fi yan níwájú àlejò. Bàbá Àlàbá ní ẹni tó bá ń sọ ohun tí òun yóò ṣe kí ó tó ṣe é, ẹlẹ́nu ni. Mẹ́tìrì fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n bá a wí, ó bá wọn wí, títí Baálẹ̀ fi dìde.

"Bí ó bá jẹ́ ohun tí a ti ṣe, ṣé ìyẹn á ṣeé kọ?"

Mẹ́tìrì gbé ojú sókè. "Á ṣeé kọ, Bàbá. Á dára jù."

"Ó parí. A bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Mẹ́tìrì wá rí ewu tó wà níbẹ̀. Bí biró bá kọ̀, tí òjò bá dé bá kòtò láìsí sìmẹ́ǹtì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò wó, ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ lè bá a lọ. Baálẹ̀ ní òun gbọ́.

Gbogbo abúlé ló gbẹ́ ẹ. Àwọn ọkùnrin ń walẹ̀, àwa obìnrin ń fi agbọ̀n kó erùpẹ̀ jáde. Bàbá Àlàbá jókòó sórí àpótí, ó ń sọ fún Mẹ́tìrì pé, "Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ dé Àjàṣẹ́, a óò bá ọ kí ìyá rẹ." Erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ Kétu wọ inú irun mi, ó wọ abẹ́ èékánná mi, n kò sì rí omi tó pọ̀ tó láti fọ̀ ọ́ kúrò. Ní Kétu, lọ́jọ́ ọjà, oníbàárà kan wo ọwọ́ mi, ó bi mí pé oko ta ni mo ti ń bọ̀. Mo ní tiwa. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Mo kọ ìwé kejì ní ilé Mẹ́tìrì, Ìyá Ọ̀kẹ́ sì jókòó tì wá. Kò gùn. Ó sọ ohun tí a fẹ́ ní ìlà àkọ́kọ́. Ó sọ iye àmù, ó sọ ibi tí omi wọn ti ń wá àti bí wọ́n ti ń tètè gbẹ. Ó ní kòtò ti wà, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ti wà létí rẹ̀, àwọn obìnrin abúlé ni yóò máa tọ́jú ìdérí rẹ̀. Ó ní ohun tí agbára wa kò ká ni sìmẹ́ǹtì, irin, àti bírìkìlà tó mọ iṣẹ́ kòtò omi, àwọn wọ̀nyí nìkan la sì ń tọrọ. Nínú gbogbo ìkíni Bàbá Àlàbá, "Ẹ kú iṣẹ́" nìkan ni a fi síbẹ̀. Ó ní bí a bá yọ ìyẹn náà, òun yóò kúrò ní abúlé.

Mo ka ìwé náà fún Ìyá Ọ̀kẹ́. Nígbà tí mo dé ibi iye àmù, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ó dín ọ̀kan."

"Mo kà á dáadáa, Mà."

"Ti ẹ̀yìnkùlé mi ńkọ́? Èyí tí mo fún ọ nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í dáná fúnra rẹ?"

"Èyí tèmi nìyẹn, Mà. Èmi kì í ṣe ará ibí."

"Ṣé o kì í mu omi ni?"

Mẹ́tìrì wo òrùlé. Mo fi lẹ́ẹ̀dì pa iye náà rẹ́, mo fi ọ̀kan kún un.

Ó wá ku orúkọ. Baálẹ̀ kò mọ̀wé, Mẹ́tìrì sì sọ pé ìgbàkígbà ni wọ́n lè gbé òun lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Òun àti Ìyá Ọ̀kẹ́ ń wò mí. Mo sọ fún wọn, fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí ìwé tó ní orúkọ nínú ṣe fún ọkọ mi. Ìyá Ọ̀kẹ́ gbọ́ ọ tán, kò bẹ̀ mí, kò sì sọ pé kí n má bẹ̀rù.

"Bí o kò bá lè ṣe é, a ó wá ẹlòmíràn," ló wí. "Àmù rẹ kò ní kúrò níbẹ̀."

Bóyá nítorí pé ó sọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo kọ orúkọ mi, gbogbo rẹ̀. Mẹ́tìrì kà á sókè lẹ́ẹ̀kan, Ìyá Ọ̀kẹ́ sì pè é wò lẹ́nu bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kejì, ó tún pè mí ní Alábẹ́rẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mẹ́tìrì sọ ìwé náà di Faransé, ó fi í ránṣẹ́, a sì dúró. Ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ní ìhà ìlà-oòrùn. A fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ẹnu kòtò. Bàbá Àlàbá dẹ́kun àwàdà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ìjọba dúró níwájú ilé ẹ̀kọ́. Ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ tòun ti ìwé lọ́wọ́, abúlé sì pé jọ. Mẹ́tìrì wà nínú kíláàsì, kò tíì jáde. Ọkùnrin náà gbé ìwé sókè, ó sì ka orúkọ kan jáde.

Orúkọ mi ni. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn padà wá bá mi, èéfín rẹ̀ gan-an ni mo gbọ́. Àwọn ènìyàn ń wo ara wọn, nítorí kò sí ẹni tó mọ orúkọ náà. Bàbá Àlàbá sún síwájú.

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí, ọ̀gá."

Òótọ́ ló rò pé òun ń sọ. Ọkùnrin náà tún un pè, ó wo ìwé rẹ̀, ó sì ń ká a padà. Bí mo bá dákẹ́, yóò wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ìwé wa á di ìwé tí kò ní ẹni tó ni ín, òjò á sì wọ kòtò. Ìyá Ọ̀kẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó mọ̀. Kò tì mí, kò tilẹ̀ wò mí. Ó kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa létí ìró rẹ̀.

Ẹni tí a bá pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ a máa dáhùn.

"Èmi nìyí," ni mo wí.

Gbogbo ojú yí sí mi. Ọkùnrin náà kò mú nǹkan kan lọ́wọ́ ju ìwé náà lọ. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ fi kòtò náà hàn mí." Ó dúró létí rẹ̀ pẹ́, ó wo yanrìn, ó wo òkúta. Ó wá ní àwọn tó ń kọ̀wé pé àwọn yóò gbẹ́ kòtò pọ̀, òun kò tíì rí èyí tí wọ́n ti gbẹ́ rí. Bàbá Àlàbá ti bọ́ sí ẹ̀yìn mi.

"Kí lo ní ò ń jẹ́?"

Mo sọ fún un.

"Orúkọ tó dára báyìí lo wá fi abẹ́rẹ́ gún pa."

Sìmẹ́ǹtì dé, bírìkìlà dé, òjò sì dúró dè wọ́n. Nígbà tó rọ̀, gbogbo wa dúró nínú rẹ̀, à ń gbọ́ bí omi ṣe ń wọ inú kòtò náà, tí ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ jìn, tí ó sì ń súnmọ́ òkè díẹ̀díẹ̀. Ìyá Ọ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ fà lára rẹ̀. Ó bu omi sí igbá kékeré yẹn, ó gbé e fún mi pé kí n fi bọ́jú. Mo bọ́jú. Mo da ìyókù sí ìdí ewúro ẹ̀yìnkùlé, ó sì ní mo ti ń gbọ́n.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ẹlẹ́ní jókòó ti igbá mi, ó ń yẹ òwú wò.

"Ìyá rẹ ní òun ń jẹun. Ó tún béèrè ibi tí ò ń gbé. Ṣé kí n sọ pé ojú ọ̀nà?"

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ó ń bà mí títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ èyí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo wá tẹ ẹnu mọ́ etí rẹ̀, mo dárúkọ abúlé náà fún un.

"Ẹ sọ fún un pé bí ó bá dé, kí ó béèrè ibi tí kòtò omi wà. Kí ó sì dárúkọ mi. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀."